Kọ̀ǹpútà Ọ́fíìsì Wa Tí A Ń Pa, Tí Ó Ń Tún Ara Rẹ̀ Tàn

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìwé ẹgbẹ́ bá àpapọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Sabon Gari, Kano

Bàbá Alága ní kí àwa tí a wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìwé ẹgbẹ́ wá ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti jáde kúrò nínú ọ́fíìsì. Ó ti dé ọjà, ó ti dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti dé mọ́ṣáláṣí, oníkálukú sì ń sọ ọ́ bó ṣe wù ú. Àwọn kan ní wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà náà jí owó ẹgbẹ́. A fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ èyí: kọ́bọ̀ kan kò sọnù. Àwọn kan ní ẹbọra ló ń tàn án lóru. Ẹbọra kọ́. Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù ni orúkọ rere ọmọ kan, àwa gan-an la sì fẹ́ bà á jẹ́. Ìdí nìyẹn tí a kò fi ní fi ẹ̀bi tiwa pamọ́ nínú ohun tí a fẹ́ sọ.

Ẹ ó rántí pé inú ìwé ńlá ni a ń kọ owó oṣooṣù sí nígbà kan, tí òjò sì wọ àpótí tí ìwé náà wà. Láti ìgbà tí a ti ra kọ̀ǹpútà, inú rẹ̀ ni orúkọ gbogbo wa wà: ìlú tí kálukú ti wá, agboolé rẹ̀, ẹni tí a óò pè bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, iye tó ti san sínú owó ìsìnkú, ẹni tó jẹ gbèsè àti ẹni tí kò jẹ. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyí fún àwa tí a wà ní ìdálẹ̀. Bí ẹnìkan bá ṣaláìsí ní Kano níbí, tí àwọn èèyàn rẹ̀ wà ní Ọ̀ffà tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, inú kọ̀ǹpútà yẹn ni a ti ń wo nọ́ńbà ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbọ́.

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé wa máa ń pa kọ̀ǹpútà náà ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Á tẹ Start, á tẹ Shut down, ojú kọ̀ǹpútà á ṣókùnkùn, á ti ilẹ̀kùn, á lọ sílé. Bó bá dé láàárọ̀, á bá a ní títàn, fáànù rẹ̀ á máa hó, ojú rẹ̀ á dúró síbi tí a ti ń tẹ pásíwọ́ọ̀dù. Bátìrì inverter tí gbogbo wa dáwó rà, tó yẹ kó gbé iná ọ́fíìsì títí di ọ̀sán, á ti rẹ̀ sílẹ̀.

Èrò wo ló kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn? A ní ẹnìkan ń wọlé lóru. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló wà: ọ̀kan lọ́wọ́ Bàbá Alága, ọ̀kan lọ́wọ́ akọ̀wé, ọ̀kan lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn, tó sì ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn. A kò bi Bàbá Alága, a kò bi akọ̀wé. Ọmọ náà la pè. Ó ní òun kò fọwọ́ kàn án rí, òun kò tilẹ̀ mọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. A gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kọ̀ǹpútà tún wà ní títàn. Ẹ wo ohun tí ìfura máa ń fi èèyàn ṣe: dípò kí á sọ pé ọmọ yìí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, a ní ó ti lọ gé kọ́kọ́rọ́ mìíràn. A yí àgádágodo padà. Kọ̀ǹpútà kò yí ìwà padà. A wá ní kí ọmọ náà lọ máa sùn lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó ká ẹní rẹ̀, ó gbé e lérí, ó gba àárín àdúgbò kọjá, gbogbo ayé ń wò ó. Lọ́jọ́ kẹta tó lọ, a tún bá kọ̀ǹpútà ní títàn. Ìgbà yẹn ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì wá.

A ké sí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi ní vírọ́ọ̀sì ni, kí á jẹ́ kí òun nu gbogbo inú rẹ̀, kí òun sì fi Windows tuntun sí i. Akọ̀wé béèrè pé àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ ńkọ́. Ó ní ìyẹn á lọ. Bẹ́ẹ̀ ó ti tó oṣù méjì tí a ti da àkọsílẹ̀ wa kọ sórí flash gbẹ̀yìn. Akọ̀wé fàáké kọ́rí, ó ní kò sẹ́ni tí yóò nu nǹkan kan. Ẹ bá wa kí i o. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa bá yín sọ lónìí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, àwa mẹ́rin gbé àga wọ ọ́fíìsì. A kọ́kọ́ da gbogbo àkọsílẹ̀ kọ sórí flash méjì. Lẹ́yìn náà, akọ̀wé pa kọ̀ǹpútà bó ṣe máa ń pa á. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Bí a bá ṣe bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni, à bá ti dìde. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wa tẹ́tí, ó ní, "Fáànù yìí ṣì ń yí o." A fi ọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, atẹ́gùn ń jáde. Iná kékeré iwájú rẹ̀ kò kú. A jókòó, a ń jẹ ẹ̀pà, a ń wò ó. Nígbà tó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ojú rẹ̀ mọ́ lójijì, ó di búlúù, ó kọ nǹkan kan tí a kò rí kà tán, ó tún ṣókùnkùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn bí ẹni pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé ohun tí a rí yìí, nítorí ó lè ṣẹlẹ̀ ní ilé ẹnikẹ́ni nínú yín. Bí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà kú, kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà bíi gílóòbù. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ ti géètì ọjà ní alẹ́. Ó ní láti pe onísọ̀ kọ̀ọ̀kan pé, "Ẹ pa lẹ̀kùn dé o, mo fẹ́ ti géètì." Àwọn onísọ̀ yìí ni ètò tí ẹ ṣí sílẹ̀, pírìntà, íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ohun tí ẹ kì bọ ara rẹ̀. Nígbà tí gbogbo wọn bá dáhùn tán ló tó lè ti géètì. Bí ọ̀kan kò bá dáhùn, á dúró. Bó bá dúró títí tó sú u, á gbà pé nǹkan ti dàrú, á fi ojú búlúù hàn. Àwọn tó ṣe Windows sì ti fi àṣẹ kan sínú rẹ̀ láti ilẹ̀ wá pé bí nǹkan bá dàrú báyìí, kí ó tún ara rẹ̀ tàn. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ lọ́sàn-án, àṣẹ náà dára. Fún ẹni tó ti tilẹ̀kùn tó ti lọ sílé, wàhálà ni.

Àwọn àgbà tó ti lo kọ̀ǹpútà láyé Windows 95 àti 98 á rántí pé bí ẹ bá pa á, á kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé ẹ lè wá fi ọwọ́ ara yín pa iná rẹ̀ báyìí, ẹ ó sì tẹ bọ́tìnnì gbàgà. Bọ́tìnnì yẹn ń gé iná ní tòótọ́. Láti nǹkan bí ọdún 1995 tí àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní ATX ti dé, kọ̀ǹpútà ló ń pa ara rẹ̀. Iná díẹ̀ sì máa ń wà nínú rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí wáyà rẹ̀ bá ṣì wà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyẹn tó fi lè jí láìsí pé ẹnìkan fọwọ́ kàn án. Ìjà àìkú yìí kò sì jẹ́ tuntun: Windows 98 Second Edition ṣe é débi pé Microsoft ní láti ṣe àtúnṣe kan jáde fún un lọ́tọ̀.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ fi etí sí jù nìyí. Kọ̀ǹpútà a máa kọ ìwé ìrántí ti ara rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá tàn án, gbogbo ìgbà tí a bá pa á, ó ń kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀. Ẹ fi bọ́tìnnì apá ọ̀tún máòsì tẹ Start, ẹ ó rí Event Viewer. Ẹ ṣí i, ẹ ṣí Windows Logs, ẹ ṣí System. Àwọn nọ́ńbà tí ẹ ó máa wá kò pọ̀. 1074 ń sọ ẹni tó ní kí kọ̀ǹpútà kú àti bóyá ó ní kó kú ni tàbí kó tún tàn. 6005 máa ń wà níbẹ̀ nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. 6008 ń sọ pé kíkú tó kú gbẹ̀yìn kì í ṣe kíkú àlàáfíà. 41 náà ń sọ pé ó tún ara rẹ̀ tàn láìparí ohun tó ń ṣe.

A ṣí ti wa. Lálẹ́ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀: 1074, orúkọ akọ̀wé, pé kó kú, aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà 6005, 6008 àti 41, aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún. Alẹ́ kejì, bákan náà. Alẹ́ kẹta, bákan náà. A ka alẹ́ mọ́kàndínlógún, kò sí ọ̀kan tó yàtọ̀. Ní gbogbo alẹ́ wọ̀nyẹn, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí akọ̀wé ti ilẹ̀kùn ni kọ̀ǹpútà ti tún tàn, ó sì dúró sójú pásíwọ́ọ̀dù títí ilẹ̀ fi mọ́. A wo fáìlì owó náà. Aago tí a tọ́jú rẹ̀ gbẹ̀yìn kò fi ìgbà kankan bọ́ sí òru. Gbogbo ẹ̀rí tí ìbá gba ọmọ yẹn sílẹ̀ ti wà nínú kọ̀ǹpútà láti alẹ́ àkọ́kọ́. A ti bi ọmọ léèrè, a ti bi ìyá ọmọ, a ti bi ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ ní ọjà. A kò bi kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ kí á sọ bí a ṣe tún un ṣe. Ohun àkọ́kọ́ ni pé a gba àṣẹ àtúntàn yẹn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó lè dúró síbi tó ti ṣubú, kí á lè ka ohun tó kọ. Ẹ di bọ́tìnnì tó ní àmì Windows mú, ẹ tẹ R, ẹ kọ sysdm.cpl, ẹ tẹ Enter. Ẹ lọ sí Advanced. Lábẹ́ Startup and Recovery, ẹ tẹ Settings, ẹ ó sì rí Automatically restart pẹ̀lú máàkì níwájú rẹ̀. Ẹ yọ máàkì náà. Èyí kò wo àìsàn náà sàn o, ó kàn ń jẹ́ kí aláìsàn lè sọ ibi tó ń dùn ún. A tún pa á, a tún dúró. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú búlúù dúró gbọn-in, a sì ka ohun tó wà níbẹ̀: DRIVER_POWER_STATE_FAILURE. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ètò tó ń darí ẹ̀yà kan lára ẹ̀rọ náà kò dáhùn nígbà tí wọ́n ní kó lọ sùn. Onísọ̀ kan kọ̀, kò pa lẹ̀kùn.

Onísọ̀ wo? A bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ohun tó wà lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a ń pa á, a ń dúró. A yọ pírìntà, kò yàtọ̀. Lẹ́yìn kọ̀ǹpútà níbẹ̀ ni módẹ́mù kékeré kan wà, èyí tí a ń kì bọ ojú USB láti fi wọ íntánẹ́ẹ̀tì kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ti fóònù. Sim inú rẹ̀ ti kú tipẹ́. Kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́. A fà á yọ, a lọ sí Settings, a lọ sí Apps, a yọ ètò rẹ̀ kúrò pátápátá. A pa kọ̀ǹpútà. Kò tó ìdajì ìṣẹ́jú tí fáànù fi dákẹ́, tí iná iwájú fi kú. A dúró fún wákàtí kan gbáko, nítorí a kò gbà á gbọ́. Kò jí. A kò ná kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, yàtọ̀ sí owó ẹ̀pà.

Ti ilé yín lè máà jẹ́ módẹ́mù. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ń lo Windows 8 tó jáde ní ọdún 2012, tàbí èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀, ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Fast Startup. Bí ẹ bá ní kó kú, kì í kú tán. Á kó apá kan ohun tó wà lórí rẹ̀ sínú hard disk kí ó lè yára jí lọ́jọ́ kejì. Nígbà mìíràn, ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ di bọ́tìnnì Shift mú nígbà tí ẹ bá ń tẹ Shut down, á kú pátápátá lẹ́ẹ̀kan yẹn. Bí ẹ bá rí i pé ó ṣiṣẹ́, ẹ wọ Control Panel, ẹ wọ Power Options, ẹ tẹ Choose what the power buttons do, ẹ tẹ ìlà tó wà lókè tó ní òun fẹ́ yí ohun tí kò ṣeé yí padà, kí ẹ wá yọ máàkì iwájú Turn on fast startup. Ohun tí ẹ ó fi san án ni pé á pẹ́ díẹ̀ sí i kí ó tó tàn láàárọ̀. Kò sí ìdí láti kánjú bẹ́ẹ̀.

Èyí tó tẹ̀ lé e yìí kan àwa tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ilé wa. Ètò kan wà nínú BIOS, ìyẹn ibi tí ẹ máa ń wọ̀ bí ẹ bá tẹ F2 tàbí Delete kí Windows tó jáde. Orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n AC Recovery tàbí Restore on AC Power Loss ni ẹ ó sábà rí. Bí wọ́n bá ti fi sí Power On, ìgbàkígbà tí iná bá dé, kọ̀ǹpútà yín á tan ara rẹ̀, ì báà jẹ́ aago méjì òru. Ẹ fi sí Power Off. Nínú BIOS yìí kan náà ni ẹ ti lè rí Wake on LAN, èyí tó ń jẹ́ kí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì jí kọ̀ǹpútà. Ẹni tí kò bá lò ó, kí ó pa á.

Bí ẹ bá tẹ Update and shut down, tó wá tún tàn, ẹ má yà á sí àrùn lójú ẹsẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ tún tàn láàárín kí ó lè parí iṣẹ́ tó ń ṣe, kí ó wá kú. Lórí Windows 11, ó máa ń tún tàn kí ó sì jókòó láìkú mọ́. Àbùkù ni ìyẹn, Microsoft sì ṣe àtúnṣe rẹ̀ ní ìparí ọdún 2025. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ yín gba àtúnṣe tuntun. Windows 10 ni ti ọ́fíìsì wa, Microsoft sì ti fòpin sí ìtọ́jú tó ń ṣe fún un láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ọ̀rọ̀ owó nìyẹn. Akápò ní kí á má tíì mẹ́nu kàn án lónìí.

Eruku ọyẹ́ náà ń ṣe tirẹ̀. Bọ́tìnnì iwájú kọ̀ǹpútà lè há sínú nítorí eruku, tí á máa tẹ ara rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ rí i bóyá ó ń padà sókè dáadáa.

A gbọ́ pé púpọ̀ nínú yín, bí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ tí kò kú, wáyà lẹ máa ń fà yọ. A mọ̀ pé owó epo jẹnẹrétọ̀ ló ń lé yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fà á yọ nígbà tó ń kọ nǹkan lọ́wọ́ sínú hard disk, ohun tó ń kọ lè bàjẹ́, ó sì lè jẹ́ fáìlì tí ẹ nílò jù. Ẹ kọ́kọ́ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bó bá dúró síbẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọwọ́ yín kúrò níbẹ̀ títí yóò fi kú, bíi kíkà ení dé àrùn-ún tàbí ẹ̀wá. Ìyẹn náà kò dára tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ ọ́n bí ohun tí a ń ṣe nígbà tí kò sí ọ̀nà mìíràn. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun nínú ohun tí a ti sọ, kí ẹ tó pe oníṣẹ́ rárá, ẹ da ohun tó ṣe pàtàkì kọ sórí flash. Láti oṣù tó kọjá, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni akọ̀wé ń da ìwé ẹgbẹ́ kọ. Flash kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, èkejì wà lọ́wọ́ Ìyá Ẹgbẹ́, a sì ń tẹ orúkọ àti nọ́ńbà àwọn tí a óò pè jáde sórí bébà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọmọ náà. A lọ bá a ní ilé ìyá rẹ̀, gbogbo ìgbìmọ̀, pẹ̀lú Bàbá Alága. A dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, nítorí pé ojú gbogbo àdúgbò ni a ti lé e, kò yẹ kí á bẹ̀bẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ọmọ náà ti padà sí yàrá rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ń ṣí Event Viewer lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ báyìí, tó ń kọ ohun tó rí sínú ìwé kékeré fún wa. Ìyá rẹ̀ wà láàárín yín níbẹ̀ yẹn. Wọn kò tíì dá wa lóhùn bí wọ́n ṣe máa ń dá wa lóhùn tẹ́lẹ̀. A kò dá wọn lẹ́bi.

Ẹnikẹ́ni tí ti ilé rẹ̀ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó kọ ohun tó rí lójú búlúù sórí ìwé, tàbí kí ó fi fóònù ya á, kí ó mú un wá bá wa lọ́jọ́ Ẹtì láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ má gbé kọ̀ǹpútà wá o, ọ́fíìsì kò gbà wá. Ìwé nìkan ni kí ẹ mú wá.